Ìwé Àjẹ́ Ni, tàbí Ìwé Ọmọdé? Ohun tí Àwọn tí Ó Ka “Harry Potter” Ń Sọ

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ tí ọmọdé àti àgbà ti ń jiyàn lé lórí láti ọdún 1997 ni, iyàn náà kò sì tíì tán nílẹ̀ títí di òní. Ó ti dé orí àga ìwàásù, ó ti dé ilé ẹjọ́, ó ti mú kí àwọn kan dáná sun ìwé ní gbangba. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó mú kí ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé rí bẹ̀rẹ̀ sí fi oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀ nítorí ìwé. Ìtàn tí obìnrin kan kọ fún ọmọdé ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Orúkọ ọmọ tí ìtàn náà dá lé lórí ni Harry Potter.

Kò sí sáà ilé-ìwé kan tí òbí kan kì í dá mi dúró ní ẹnu ọ̀nà kíláàsì kí ó bi mí pé, “Tíṣà, ọmọ mi gbé ìwé kan wálé tí àwòrán oṣó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kí ó kà á, àbí kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?” Ìbéèrè náà tọ́. Ẹni tí ó bímọ ni ó ni ẹ̀rù ọmọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbéèrè tí a lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dáhùn lórí ìdúró. Ìdí nìyí tí mo fi kó èrò àwọn tí ó ti ka ìwé náà jọ, àti ti àwọn tí kò kà á ṣùgbọ́n tí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ti òkè òkun àti ti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Kí olúkúlùkù gbọ́ tẹnu gbogbo wọn kí ó tó dá ẹjọ́ tirẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dájọ́, àgbà òṣìkà ni.

Ohun tí ó wà nínú ìwé náà

Fún ìmọ̀ ẹ̀yin tí ẹ kò tíì rí ìwé náà, ìtàn rẹ̀ nìyí ní ṣókí. Harry di ọmọ aláìlóbìí nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún kan. Wọ́n gbé e fún arábìnrin ìyá rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ láti tọ́. Àwọn wọ̀nyí ní ọmọkùnrin kan tiwọn tí wọ́n kẹ́ bàjẹ́. Ní ọjọ́ ìbí ọmọ yìí, ẹ̀bùn tí wọ́n tò kalẹ̀ fún un lé ní 30, síbẹ̀ ó ń bínú pé ó kéré. Harry ní tirẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn ni ó ń sùn, òun àti aláǹtakùn. Àlòkù aṣọ ọmọ yẹn ni ó ń wọ̀, òun náà ni wọ́n sì ń pè sí iṣẹ́ ilé ìdáná.

Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 11, lẹ́tà dé. Ilé-ìwé kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ oṣó ni ó kọ̀wé pè é. Bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀. Àwọn ará ilé náà mọ̀, wọn kò sì wí fún un rí. Láti ọjọ́ náà ni ó ti rí i pé ayé kan fara pamọ́ sínú ayé tí gbogbo ènìyàn ń rí. Ní ẹ̀yìn ilé ọtí kan ní Lọ́ńdọ̀nù, bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá fi ọ̀pá idán kan bíríkì tí ó yẹ, ògiri á là, ọjà ńlá kan á sì hàn tí ẹlòmíràn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní ibùdókọ̀ ojú irin King's Cross, láàrin pèpéle 9 àti pèpéle 10, ọkọ̀ kan wà tí ń gbéra ní pèpéle 9¾. Ojú ẹni tí kì í ṣe ara wọn kò lè tó o. Wọ́n ní báǹkì tiwọn, wọ́n sì ní owó tiwọn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ ná: owó idẹ 29 ni owó fàdákà 1, owó fàdákà 17 sì ni owó wúrà 1. Mo ti fi ìṣirò yìí dán àwọn ọmọ kíláàsì mi wò, pé owó idẹ mélòó ni ó wà nínú owó wúrà kan. Ariwo ìdáhùn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí òrùlé kúrò. 493 ni.

Ìwé méje ni ìtàn náà gbà. Èyí àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 1997, èkeje sì jáde ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2007. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀tá kan ni ó ń lé ọmọ yìí kiri, ẹni tí ó pa bàbá àti ìyá rẹ̀. Kì í ṣe oògùn ni ó kọ́kọ́ gba Harry lọ́wọ́ ọ̀tá náà. Ìyá rẹ̀ ni ó fi ara rẹ̀ dí i, tí ó sì kú nítorí rẹ̀.

Tíṣà ni ó kọ ọ́

Joanne Rowling ni orúkọ obìnrin tí ó kọ ìwé náà. Ọdún 1965 ni wọ́n bí i ní Ìlú Ọba. Ó yẹ kí inú ẹ̀yin olùkọ́ dùn láti gbọ́ pé tíṣà ni. Ó ti kọ́ àwọn ènìyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní ìlú Porto ní ilẹ̀ Potogí, ó sì gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni ní Edinburgh, ní Skọ́tílàndì. Ní ọdún 1990, ó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Manchester lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ náà pẹ́ lọ́nà, ibẹ̀ ni ìtàn náà ti sọ sí i lọ́kàn. Nígbà tí ó ń kọ ọ́ parí, òun nìkan ni ó ń tọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, owó ìrànlọ́wọ́ ìjọba ni wọ́n sì fi ń jẹun.

Ilé iṣẹ́ òǹtẹ̀wé 12 ni ó kọ ìwé náà. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Bloomsbury wá gbà á, wọ́n ní kí ó má kọ Joanne sí ẹ̀yìn ìwé, kí ó kàn kọ J. K., nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé àwọn ọmọkùnrin kò ní fẹ́ ka ìwé tí obìnrin kọ. K náà kò tilẹ̀ sí nínú orúkọ rẹ̀. Orúkọ ìyá bàbá rẹ̀, Kathleen, ni ó yá lò.

Àwọn ọmọdé ni ó kọ́kọ́ dájọ́

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ó yẹ kí àwa àgbà fi sọ́kàn. Ọmọdé ni ó kọ́kọ́ sọ pé ìwé náà dára. Nigel Newton, olórí ilé iṣẹ́ Bloomsbury, gbé orí kìn-ín-ní ìwé náà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 8 láti kà. Ọmọ náà kà á tán, ó sì ń yọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu pé kí ó bá òun wá ìyókù. Àgbà 12 ti kọ̀, ọmọ ọdún 8 gbà.

Bí wọ́n ti gbà á náà, ọkàn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀, nítorí ẹlẹ́yìn líle 500 péré ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀. Ní òpin ọdún 1997 yìí kan náà, ìwé náà gba ẹ̀bùn wúrà Smarties ní Ìlú Ọba fún ìwé àwọn ọmọ ọdún 9 sí 11. Ẹ̀bùn yìí kò rí bí àwọn yòókù. Àwọn àgbà ni ó ń ṣa àwọn ìwé tí yóò du ipò, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ìwé ni ó ń dìbò pé èwo ni yóò gba wúrà. Ọdún mẹ́ta léra wọn, 1997, 1998 àti 1999, ni àwọn ọmọ dìbò fún Rowling.

Láti ibẹ̀ ni iná ti ràn. Ní ọdún 2000 ìwé yìí ti gba orí àtẹ ìwé tí ó ń tà jù nínú ìwé ìròhìn New York Times fún ìgbà pípẹ́, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ya àtẹ ọ̀tọ̀ fún ìwé ọmọdé, kí ìwé àwọn àgbà lè rí ààyè. Ní ọdún 2007, ní Amẹ́ríkà nìkan, ìwé keje ta mílíọ̀nù 8.3 láàrin wákàtí 24. Nísinsìnyí wọ́n ti tú ìtàn náà sí èdè tí ó lé ní 80, iye tí wọ́n sì ti tà lé ní mílíọ̀nù 600. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìwé lọ́jà, ẹ ò rí i pé òntajà kì í fojú tẹ́ńbẹ́lú oníbàárà kékeré.

Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé sọ

Gbogbo àgbà kọ́ ni ó bá wọn jó. Ní oṣù keje ọdún 2000, Ọ̀jọ̀gbọ́n Harold Bloom ti ilé ẹ̀kọ́ gíga Yale kọ ọ́ sínú Wall Street Journal pé ìwé náà kò dára rárá, pé àkànlò èdè tí gbogbo ayé ti lò gbó ni obìnrin náà ń tún lò, àti pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń rà á kò sọ ọ́ di ìwé gidi. Ní ọdún 2003, A. S. Byatt, obìnrin tí òun náà jẹ́ òǹkọ̀wé ńlá, sọ nínú New York Times pé àkójọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ ni ìtàn náà, àti pé ó ya òun lẹ́nu pé àwọn àgbàlagbà ń fi ìwé ọmọdé ṣe ibi ìsinmi.

Ṣùgbọ́n Stephen King, tí ó ń kọ ìtàn tí ń dẹ́rù ba ènìyàn, yin Rowling. Èrò tirẹ̀ ni pé ọmọ tí ó bá fi ọkàn ka irú ìwé báyìí ní ọmọ ọdún 11 ni yóò máa ka ìwé àgbà bí ó bá dàgbà.

Bí ẹ bá bi èmi olùkọ́ ilé-ìwé léèrè, n óò ní àwọn méjèèjì ń sọ òótọ́, ibi tí wọ́n dúró sí ni ó yàtọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń wo ìwé, èmi ń wo ọmọ. Ọmọ tí kò ka ojú ewé mẹ́wàá rí, tí ó wá ka ìwé tí ó lé ní 200 ojú ewé láìsí pàṣán, mi ò ní lọ dá a dúró kí n sọ fún un pé àkànlò èdè inú rẹ̀ ti gbó. Ẹsẹ̀ ni ọmọ fi ń kọ́ ìrìn, kò sì sí ẹni tí ń dá ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀ dúró nítorí pé ìrìn rẹ̀ kò gún.

Ìwàásù, iná àti kóòtù

Ẹjọ́ tí ó le jù ni ti àwọn onígbàgbọ́. Bíbélì kọ iṣẹ́ àjẹ́ àti ìbókùúlò, Àlùkùránì náà kọ síírì. Àwọn òbí kan wá ní, bí a bá fi oṣó ṣe akọni nínú ìwé, ọmọ á rò pé ohun rere ni. Láàrin ọdún 2000 sí 2009, kò sí ìwé kankan ní Amẹ́ríkà tí àwọn ènìyàn fẹ́ kí wọ́n kó kúrò ní ilé ìkàwé tó Harry Potter, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn olùtọ́jú ilé ìkàwé ilẹ̀ náà ti kà á. Ní òpin oṣù Kejìlá ọdún 2001, ìjọ kan ní ìlú Alamogordo, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, kó ìwé náà jọ, wọ́n sì dáná sun ún. Pásítọ̀ ìjọ náà sọ fúnra rẹ̀ pé òun kò kà á.

Ṣùgbọ́n inú ìjọ kan ṣoṣo pàápàá, ohùn kò ṣọ̀kan. Ní ọdún 2003, Kádínà Joseph Ratzinger, ẹni tí ó di Póòpù Benedict kẹrìndínlógún ní 2005, kọ lẹ́tà sí obìnrin ilẹ̀ Jámánì kan tí ó kọ̀wé tako Harry Potter. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ń ṣí àwọn ènìyàn lójú sí ìtànjẹ tí ń yọ́ wọ inú ọmọ. Ní ọdún kan náà, ní Vatican níbẹ̀, àlùfáà mìíràn sọ fún àwọn oníròhìn pé òun kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, pé ó ń kọ́ ọmọ ní ìyàtọ̀ láàrin rere àti búburú. Àwọn tí ó ka ìwé keje tún tọ́ka sí i pé ẹsẹ Bíbélì méjì ni Rowling kọ sára ibojì nínú ìtàn náà.

Ẹjọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fi etí sí jù ni ti ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Cedarville, ní ìpínlẹ̀ Arkansas. Òbí kan fi ìwé náà sùn. Ilé-ìwé yan ìgbìmọ̀ ènìyàn 15 láti yẹ̀ ẹ́ wò, àwọn 15 náà sì fi ohùn kan sọ pé kí ó wà nínú ilé ìkàwé láìsí ìdíwọ́. Àwọn alákòóso ilé-ìwé kò gbà. Ní ọdún 2002 wọ́n dìbò, 3 sí 2, wọ́n ní kí wọ́n gbé e kúrò lórí àtẹ. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kà á gbọ́dọ̀ mú ìwé àṣẹ òbí rẹ̀ wá. Àwọn òbí ọmọbìnrin kan lọ sí kóòtù. Wọ́n ní ìwé àṣẹ kò ṣòro fún àwọn láti kọ, ṣùgbọ́n kí ni a ń sọ fún ọmọ bí a bá ní kí ó gba àṣẹ kí ó tó lè fọwọ́ kan ìwé kan? Ojú wo ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò fi máa wò ó? Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ dá wọn láre, ó sì pàṣẹ kí wọ́n dá ìwé náà padà sórí àtẹ. Ohun tí mo rí kọ́ nínú rẹ̀ ni èyí: òbí ní àṣẹ lórí ọmọ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò dé orí ọmọ aládùúgbò.

Ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín ńkọ́?

Mo bi àwọn òbí àti olùkọ́ tí mo mọ̀ léèrè. Ìyá kan tí ń ta aṣọ kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, “Tíṣà, ohun tí a ń gba ààwẹ̀ lé jáde nínú ilé, ẹ fẹ́ kí n fi owó rà á wọlé?” Bàbá kan tí ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní tirẹ̀ sọ pé kì í ṣe oṣó ni ó ń ba òun lẹ́rù. Ọmọ òun ń kàwé níwájú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà dé, ó kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ kò gbọ́, oníbàárà bá kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ náà fi ń bá òun kọ ìwé ọjà ti yàtọ̀ sí ti àná. Àlùfáà Mùsùlùmí kan tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ ní kíláàsì mi sọ pé òun pe ọmọ náà jókòó, òun sì bi í pé, “Ohun tí ó wà nínú ìwé yìí, òótọ́ ni tàbí àlọ́?” Ọmọ ní àlọ́ ni. Bàbá ní kí ó máa kà á lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí òun bá bá igi lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó ń pe ọfọ̀, ọjọ́ náà ni ìwé náà yóò dé ọwọ́ òun.

Olùkọ́ èdè Yorùbá kan, ẹlẹgbẹ́ mi, ni ó sọ èyí tí ó dùn mí jù. Ó ní kí ni ayé tí ó fara pamọ́ tí ó jẹ́ tuntun létí ọmọ Yorùbá? Ṣé kì í ṣe àwa ni àwọn ìyá wa ń sọ fún pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ wo àárín ẹsẹ̀ wa lọ́jà, a óò rí àwọn ọlọ́jà tí ẹsẹ̀ wọn kò kan ilẹ̀? Ṣé kì í ṣe tíṣà bí tiwa, D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, onígbàgbọ́ Kristi, ni ó kọ “Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmọlẹ̀”? Ilé ìtàwé CMS, ti ìjọ Ọlọ́run, ni ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1938. Àkàrà-ògùn ni orúkọ akọni inú rẹ̀, àjẹ́ ni ìyá rẹ̀, kò sì sí irú iwin àti ẹbọra tí kò pàdé nínú igbó. Àwọn bàbá wa kà á ní ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì, wọ́n sì di díákónì, wọ́n di olórí ìjọ. Ohun tí ó ń bí ẹlẹgbẹ́ mi nínú ni pé àwọn ọmọ òde òní mọ orúkọ gbogbo yàrá tí ó wà ní ilé-ìwé Harry, wọn kò sì mọ ọ̀nà tí ó wọ Igbó Irúnmọlẹ̀.

Òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n a kò lè dá ọmọ lẹ́bi bí àwa kò bá gbé ti ilé ka iwájú rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ọ̀rọ̀ àjẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lọ́dọ̀ wa

Síbẹ̀, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ẹ̀rù ìyá aláṣọ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tí Rowling lò fún àwọn ènìyàn rẹ̀, bí a bá tú u sí àjẹ́ àti oṣó, a ti di ẹrù mìíràn lé e lórí. Nínú ìwé rẹ̀, ẹ̀bùn àbímọ́ ni, bí ohùn orin tàbí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù. Wọ́n ń kọ́ ọ bí a ti ń kọ́ ìṣirò, kò sí ìmùlẹ̀, kò sí ẹni tí wọ́n ń jẹ nínú ẹbí. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ yìí lè lé ènìyàn kúrò nílé. Ó ti lé ọmọdé pàápàá kúrò nílé. Ní ìpínlẹ̀ Akwa Ibom, ọ̀rọ̀ pípe ọmọ ní àjẹ́ burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi ṣe òfin ní ọdún 2008 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti fi ẹ̀sùn àjẹ́ kan ọmọdé. Àwọn ọmọ kan ti jìyà, àwọn kan ti di ẹni tí ń sùn ní títì, nítorí pé àgbà kan nawọ́ sí wọn.

Nítorí náà, bí ọmọ bá dé ilé tí ó ń ṣeré pé oṣó ni òun, ewu ibẹ̀ kì í ṣe pé yóò di oṣó. Ewu ibẹ̀ ni ohun tí àgbà tí ó gbọ́ ọ lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́; ó wá kù sí ọwọ́ àgbà kí ó má pe ẹ̀fọ́ ní oògùn.

Ohun tí ọmọ kan rí

Mo bi àwọn ọmọ kíláàsì mi náà pé ibo ni ó dùn mọ́ wọn jù nínú ìwé náà. Àwọn kan ní ìgbà tí wọ́n ń gun ìgbálẹ̀ fò. Àwọn kan ní ọjà abẹ́lẹ̀ yẹn. Ọmọbìnrin kan, tí kì í sábà sọ̀rọ̀, tí ó ń gbé lọ́dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀, tí ó máa ń kiri ọjà kí ó tó wá sí ilé-ìwé, ni ó dìde kẹ́yìn. Ó ní ibi tí lẹ́tà ti dé ni. Ó ní ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà mọ orúkọ Harry, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn lẹ́tà pé abẹ́ àtẹ̀gùn ni ó ń sùn. Ó ní, “Sà, wọ́n mọ ibi tí ó ń sùn.”

Kíláàsì dákẹ́. Kò sọ̀rọ̀ oògùn, kò sọ̀rọ̀ àjẹ́. Ohun tí àgbà ń rí nínú ìwé náà tí ẹ̀rù fi ń bà á ni ọ̀pá idán. Ohun tí ọmọ yìí rí níbẹ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ tí a fi sílẹ̀ nínú ilé, tí gbogbo ará ilé ń jẹun kí ó tó jẹ, tí ẹnìkan níta wá mọ̀ pé ó wà láyé. Ẹ̀yin ará mi, mélòó nínú wa ni kò ní irú Harry bẹ́ẹ̀ nínú ilé? Bóyá ohun tí ó yẹ kí ó bà wá lẹ́rù nínú ìwé náà ni àwòrán tiwa tí ọmọ lè rí nínú rẹ̀.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Ítálì náà ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n mú ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 34, wọ́n sì ń ka Harry Potter pẹ̀lú wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Apá kan ka ibi tí àwọn agbéraga inú ìtàn náà ti ń fi àwọn tí a kò bí sínú ìdílé oṣó ṣẹ̀sín. Apá kejì ka ibi tí kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú. Nínú apá kìn-ín-ní, àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ dà bí Harry wá ń fi ojú tí ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ wo àwọn àjèjì tí ó wá gbé ní ìlú wọn. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2014. Iye ọmọ náà kò pọ̀, a kò sì lè fi í búra, ṣùgbọ́n ó bá ohun tí mo rí ní kíláàsì mu.

Ìmọ̀ràn mi

Kí ni kí a ṣe? Èkíní, ẹ má fòfin de ìwé tí ẹ kò kà. Bí àyè kò bá sí láti ọjà, ẹ ní kí ọmọ fúnra rẹ̀ ka orí kan sí yín létí lálẹ́, kí ó sì tú u sí Yorùbá. Ẹ óò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ọmọ á sì mọ èdè méjèèjì sí i.

Èkejì, ẹ wo ọjọ́ orí. Ìwé mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹ ọmọ ọdún 9 sí 12. Láti ìwé kẹrin lọ ni ikú àti ìnira ti pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ dàgbà díẹ̀ sí i kí ó tó dé ibẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú nípa irọ́ tí Harry ń pa àti òfin ilé-ìwé tí ó ń rú, nítorí nígbà mìíràn wọ́n ń yìn ín lẹ́yìn tí ó rú u tán. Fágúnwà a máa dá ìtàn dúró láti gba ọmọ níyànjú. Rowling kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìgbani-níyànjú náà di tiyín.

Ẹ̀kẹta, bí ẹ̀rí ọkàn yín kò bá gbà á, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún ọmọ yín pé rárá. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un pẹ̀lú sùúrù, ẹ sì fi ìwé mìíràn dípò rẹ̀. Ẹ má gba ìwé lọ́wọ́ ọmọ kí ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má sì wá sí ilé-ìwé láti gbà á lọ́wọ́ ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá gbé Harry sórí àtẹ, ẹ gbé Fágúnwà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nnedi Okorafor náà, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti kọ ìtàn ọmọbìnrin kan ní ìlú Aba tí ó rí ayé tí ó fara pamọ́ ní ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ọdún 2011 ni ó kọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà. Ọmọ tí ó bá ti gbádùn ti òyìnbó kò ní kọ ti ilé, bí a bá lè gbé e dé ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ wo inú ilé yín. Bí ọmọ kan bá wà níbẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀yin ni ẹ bí i, ẹ bi ara yín pé ibo ni ó ń sùn, kí ni ó ń jẹ, ta ni ó sì ń pe orúkọ rẹ̀ láìsí pé iṣẹ́ ni a fẹ́ rán an.

Èrò tèmi nìyí. Èyin òǹkàwé tí èrò yín yàtọ̀, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa, ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín náà kọ tiwọn. Kí Ọlọ́run bá wa wo àwọn ọmọ wa, àti èyí tí a bí, àti èyí tí a gbà tọ́. Ó dìgbà kan ná.